Dídúró, àyálò, àbí lílọ pátápátá: èwo ló ń gbé agbábọ́ọ̀lù dé inú mọ́kànlá àkọ́kọ́?

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Liverpool lọ bá Nottingham Forest lálejò. Abala kejì eré náà kò tíì pẹ́ rárá tí bọ́ọ̀lù fi dé ẹsẹ̀ Taiwo Awoniyi níwájú ilé. Ó gbá a, ó ba òpó. Bọ́ọ̀lù náà ta padà, ó tún wá bá a níbi tó dúró sí, ó sì gbá a wọlé. 1-0 ni eré náà parí sí. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni Awoniyi fi jẹ́ ọmọ Liverpool. Kò gbá ìṣẹ́jú kan fún wọn rí.

Góòlù yẹn ni mo máa ń rántí tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọmọ àdúgbò àwọn “ti wọ” ẹgbẹ́ ńlá kan lókè òkun. Wíwọ ẹgbẹ́ yàtọ̀, wíwọ pápá yàtọ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Awoniyi, ẹni ọdún 18 sì ni nígbà tí Liverpool rà á ní 2015, ní nǹkan bíi 400,000 pọ́n-ùn. Kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá ń yá a káàkiri: FSV Frankfurt, NEC Nijmegen, Mouscron, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kejì, Mainz, Union Berlin. Ìgbà méje! Nígbà tí Union Berlin rà á tán ní 2021 ló tó ní ilé tirẹ̀, sáà tó tẹ̀ lé e ló sì gbá góòlù 15 wọlé nínú Bundesliga, líìgì Jámánì. Forest kò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó wá gbé e.

Mo kọ èyí fún ọ̀dọ́ tí ìwé méjì wà níwájú rẹ̀ tí kò mọ èyí tí yóò fọwọ́ sí, fún òbí rẹ̀, àti fún àwa tí a máa ń jiyàn dé òru níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí o dúró, kí wọ́n yá ọ fún ẹgbẹ́ mìíràn fúngbà díẹ̀, tàbí kí o kó ẹrù rẹ lọ pátápátá. Orúkọ ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan àkọ́kọ́ tí èmi máa ń wò, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n san. Ẹni tó wà ní ipò rẹ níbẹ̀ ni mo máa ń wò, àti ẹni tó pè ọ́ wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ilé kan náà, àlejò méjì

Ìfiwéra tó mọ́lẹ̀ jù tí mo mọ̀ ni ti Ahmed Musa àti Wilfred Ndidi. Leicester City ni àwọn méjèèjì wọ̀, oṣù mẹ́fà péré ló wà láàárín wọn. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra: nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn ni CSKA Moscow gbà lórí Musa ní oṣù keje ọdún 2016, iye tí Genk gbà lórí Ndidi ní oṣù kìíní ọdún 2017 sì sún mọ́ ọn.

Inú ayẹyẹ ni Musa bá wọn. Leicester ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Premier League ní oṣù karùn-ún ni. Jamie Vardy wà níwájú, Shinji Okazaki wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń palẹ̀ mọ́ nínú wọn. Nígbà tó wá di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ, wọ́n tún ra Islam Slimani, owó tirẹ̀ sì ju ti Musa lọ. Ẹni tó bá mọ ilé olórogún yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ìyàwó kò tíì tú ẹrù tán tí wọ́n ti gbé òmíràn wọlé. Góòlù 2 ni Musa rí gbá wọlé nínú eré líìgì 21.

Ní ti Ndidi, N'Golo Kanté ti lọ sí Chelsea láti oṣù keje, láti ìgbà náà ni àárín pápá Leicester sì ti ń jò bíi páànù tó dípẹtà. Gbogbo ẹni tó ń wo líìgì ló rí i. Ọmọ ogún ọdún ni Ndidi nígbà tó dé, wọn kò sì ní kó lọ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ kankan. Wọ́n kàn gbé e sí ibi tó ń jò ni. Ó wà níbẹ̀ títí di 2025. Kì í ṣe pé Ndidi mọ bọ́ọ̀lù ju Musa lọ. Ààyè ló pe ọ̀kan, ayẹyẹ ló pe èkejì.

Musa kò jókòó pa ara rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 ó padà sí CSKA lọ́nà àyálò, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ó gbá góòlù méjì wọ ilé Iceland ní Volgograd nínú Ife Àgbáyé. Àwọn tó ní ó ti tán ní oṣù kejìlá wà lára àwọn tó ń bọ́ ẹ̀wù jù sókè lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ wọ́n. Mo wà lára wọn.

Ẹni kẹta tún wọ ilé Leicester yìí lẹ́yìn wọn. Kelechi Iheanacho gbá góòlù 14 wọlé fún Manchester City ní sáà 2015/16, ọmọdé ni nígbà náà, Sergio Agüero ló sì wà ní ipò tó fẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2017 Gabriel Jesus dé, Iheanacho wá di ẹnì kẹta lórí ìlà. Ní oṣù kẹjọ, Leicester san mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn, ó sì kọjá lọ. Ó kúrò lọ́dọ̀ Agüero lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ Vardy ló lọ. Ó pé ọdún mẹ́ta àbọ̀ kí kóòṣì Brendan Rodgers tó to àwọn méjèèjì síwájú pọ̀, nígbà tí àwọn mìíràn farapa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ó gbá mẹ́ta wọ ilé Sheffield United, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù fún oṣù náà. Góòlù tirẹ̀ náà ló gbé Leicester kọjá Southampton dé àṣekágbá FA Cup, wọ́n sì gba ife náà. Tí a bá fi ti Ndidi wé tirẹ̀, a óò rí i pé ẹgbẹ́ tó kéré ju èyí tí o ti wá kò fi dandan ní ààyè ju ibẹ̀ lọ.

Àyálò: ta ló ń jèrè?

Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Kóòṣì tí wọ́n yá ọ fún kò ní ìdí kankan láti ní sùúrù fún ọ tí o bá ṣe àṣìṣe, torí pé ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè sùúrù rẹ̀. Tí ọmọ ilé rẹ̀ àti ìwọ bá jọ gbóná dọ́gba, ọmọ ilé ni yóò wọ pápá.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé àyálò ni bóyá ẹni tó ń yá ọ lè rà ọ́ ní iye tí wọ́n ti dá lé e. Tó bá lè rà ọ́, ó ní ìpín nínú rẹ. Wo Victor Osimhen. Ó wọ Wolfsburg ní 2017, kò sì rí góòlù kankan gbá wọlé fún wọn. Ibà dá a gúnlẹ̀, ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù wò ó, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Charleroi, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ló gbà á ní 2018, ẹ̀tọ́ láti rà á sì wà nínú ìwé wọn. Ó gbá góòlù 20 wọlé ní sáà kan ṣoṣo. Charleroi rà á, wọ́n tà á fún Lille lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì kó èrè jẹ. Lille tà á fún Napoli lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 2022/23 ó gbá 26 wọlé nínú Serie A, líìgì Ítálì, Napoli sì gba ife líìgì tí wọ́n ti ń dúró dè láti ọjọ́ Maradona. Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló ní ìdí láti fi í sínú pápá.

Fikayo Tomori náà gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Thiago Silva dé Chelsea ní 2020, ààyè Tomori ní ẹ̀yìn sì fún pọ̀ títí kò fi sí mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 AC Milan yá a, iye tí wọ́n lè fi rà á sì ti wà nínú ìwé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 yúrò. Wọ́n san án nígbà tí sáà parí. Ọdún kan lẹ́yìn náà ó gba ife líìgì Ítálì.

Fi ìyẹn wé ti Obafemi Martins. Ọmọ Èkó ni, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ajá ń lé. Rubin Kazan yá a fún Birmingham City ní oṣù kìíní ọdún 2011. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní Wembley, nínú àṣekágbá ife líìgì pẹ̀lú Arsenal. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí ni aṣọ́lé Arsenal àti adènà rẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù ṣe “gbà á, ìwọ gbà á”, bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú Martins, ilé sì ṣófo gbayawu. 2-1. Ní oṣù karùn-ún Birmingham já sí ìpele kejì, àyálò parí. Ọjọ́ kan tí ẹnìkan kò lè gbàgbé nìyẹn, ṣùgbọ́n kò di ilé.

Ẹni tó pè ọ́ lè má sí níbẹ̀ lọ́la

Ademola Lookman ni ìwé ẹ̀kọ́ orí èyí. Ronald Koeman ni kóòṣì Everton nígbà tí wọ́n rà á lọ́wọ́ Charlton ní oṣù kìíní ọdún 2017, ó sì gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ pápá, lòdì sí Manchester City. Ní oṣù kẹwàá wọ́n lé Koeman. Sam Allardyce dé, ó sì fẹ́ kó lọ sí Derby County lọ́nà àyálò. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní Leipzig ni òun ń lọ. Àwọn kan pe ìyẹn ní agídí. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ pápá níbẹ̀, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Borussia Mönchengladbach. Góòlù márùn-ún ló gbá wọlé nínú eré 11.

Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ni ohun tó tẹ̀ lé e. Leipzig fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n padà wá rà á ní 2019. Ilé kan náà, aṣọ kan náà. Àmọ́ Ralph Hasenhüttl tó lò ó nígbà àyálò ti lọ, Julian Nagelsmann ló wà lórí àga, kò sì rí ìlò rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbá bọ́ọ̀lù ní sáà yẹn. Ni wọ́n bá yá a fún Fulham.

Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ tí Fulham lọ bá West Ham ní oṣù kọkànlá ọdún 2020? Àsìkò ti kọjá 90, West Ham ń fi ẹyọ kan lé wọn, Fulham rí pẹnátì. Lookman fi ìka ẹsẹ̀ bu bọ́ọ̀lù náà sókè ní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ju ọsàn fún ọmọdé. Fabianski, aṣọ́lé West Ham, ti ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó dá ara rẹ̀ dúró, ó na ọwọ́ kan, ó sì gbà á. Àwọn èèyàn fi ọjọ́ náà pa á lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fulham jábọ́ lópin sáà, òun lọ sí Leicester lọ́nà àyálò mìíràn, lẹ́yìn náà Atalanta rà á pátápátá ní 2022. Gian Piero Gasperini ti wà lórí àga níbẹ̀ láti 2016, ọ̀nà tó ń gbà gbá bọ́ọ̀lù kò sì yí padà. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, Lookman gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi na Bayer Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League. Leverkusen yẹn kò tíì fìdí rẹmi látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀ o.

Tí ìwé méjì bá dọ́gba níwájú rẹ, lọ bá kóòṣì tó ti pẹ́ lórí àga.

Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| | Dídúró | Àyálò | Lílọ pátápátá |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó ni ọ́ | Ẹgbẹ́ rẹ | Ẹgbẹ́ rẹ ṣì ni. Ẹlòmíràn ló ń lò ọ́ | Ẹgbẹ́ tuntun |
| Ìdí tí wọ́n á fi fi ọ́ sínú pápá | Tí o bá ta ẹni tó wà níbẹ̀ yọ | Tí o bá wúlò ní sáà yìí | Wọ́n ti náwó, wọ́n fẹ́ rí ohun tí wọ́n rà |
| Tí kóòṣì bá lọ | Ó lè ṣe ọ́ lóore | O ṣì lè padà sílé | Ewu tó tóbi jù nìyí |
| Ibi tó ti ń dunni | Ọjọ́ orí kì í dúró | Ọdún dé, o tún di ẹrù | Kò sí ilé tí o fẹ́ padà sí |

Ọ̀nà kan wà tí kò wọ inú àpótí yìí dáadáa. Tottenham ra Dele Alli lọ́wọ́ MK Dons ní oṣù kejì ọdún 2015, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí sáà fi parí. Ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwé tuntun sì ti wà nínú àpò rẹ̀. Sáà tó tẹ̀ lé e ló gbá 10 wọlé nínú Premier League. Tí wọ́n bá fẹ́ rà ọ́ ní àárín sáà, béèrè irú èyí. Ejẹ́ǹtì mìíràn kì í rántí rẹ̀.

Dídúró kì í ṣe ojo

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó dúró ni kò rí ibi lọ. Shola Ameobi wà ní Newcastle láti 2000 dé 2014. Alan Shearer ló bá níbẹ̀. Wọ́n ra Michael Owen ní 2005, wọ́n ra Martins ní 2006, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, Ameobi sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìdíje 400 fún wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní pe ìyẹn ní òfò.

Ti John Obi Mikel jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Netherlands ní 2005, nínú ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́, Messi nìkan ni wọ́n fi ṣáájú rẹ̀ nínú yíyan agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, iwájú ló sì ti ń gbá a, ó ń pín bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pín àkàrà. Nígbà tó dé Chelsea ní 2006, Lampard ló wà níwájú yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò yọ Lampard fún un. Wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn, kó máa ṣọ́ iwájú àwọn adènà. Ó gbà. Ó gbá ìdíje 372 fún Chelsea, ó sì wà nínú mọ́kànlá àkọ́kọ́ ní Munich lọ́jọ́ tí wọ́n gba Champions League ní 2012. Títí dòní ni àwọn èèyàn wa ń sọ pé Chelsea ba bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bóyá òótọ́ ni. Ó gba ipò mìíràn, ó sì rí pápá. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ní ẹgbẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá òun lè fara mọ́ irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ

Díẹ̀ ni, mi ò ní fi falẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n lè fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún ní sáà kan, ṣùgbọ́n méjì péré ni o lè gbá ìdíje gidi fún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí o fi rọ́pò ẹnìkan ní oṣù kẹjọ ti jẹ ọ̀kan nínú méjì yẹn. Nínú Premier League, orúkọ 25 ni ẹgbẹ́ lè kọ sílẹ̀, 17 péré ló sì lè jẹ́ ẹni tí wọn kò tọ́ dàgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales. Wọn kì í ka ẹni tí kò tíì lé ní ọdún 21 mọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n yá fún ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì yẹn kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá. FIFA sì ti dín àyálò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kù sí mẹ́fà láti 2024, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ tọ́. Ẹgbẹ́ kò lè kó ogójì ènìyàn pamọ́ mọ́ kó máa yá wọn kiri bí àga ayẹyẹ.

Fún ọmọ Nàìjíríà, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni máàkì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kà láti 2021 kí wọ́n tó fún ènìyàn níwèé àṣẹ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú tí o gbá nínú líìgì wà lára ohun tí wọ́n ń kà, wọ́n sì tún ń wo bí líìgì náà ṣe lágbára sí. Ẹni tó bá jókòó sáà kan gbáko lórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ ńlá ti fi máàkì ṣòfò.

Àbúrò mi

Aṣọ́lé ni. Ìyà aṣọ́lé sì tún yàtọ̀, torí ẹnìkan ṣoṣo ló ń wọ pápá, kò sì sí pé wọn yóò rọ́pò rẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ méjì wá a wá. Ọ̀kan lórúkọ, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èkejì wà ní ìpele ìsàlẹ̀, pápá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní koríko. Olórúkọ ńlá ló yàn, èmi náà sì wà lára àwọn tó ní kó lọ. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí i pé òun ni aṣọ́lé karùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá wa máa ń fọ aṣọ rẹ̀ tó bá délé, ó sì máa ń gbé ìbọ̀sẹ̀ funfun náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó máa ń wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Funfun báláú. Sáà kan gbáko, ìbọ̀sẹ̀ yẹn kò rí ẹrẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ìwé mìíràn tún dé. Mo bá a lọ. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ń sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù, ilé tí wọn yóò gbé e sí, bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n rà. Àbúrò mi jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ́lé mélòó lẹ ní?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní méjì ni, ọ̀kan ti lé ní ọdún 35, eékún rẹ̀ sì ń dùn ún. Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní kí n fún òun ní bíìrò.